Ta ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ? Ohun tí àwọn olórin ráàpù ń jà sí gan-an

Lọ́dún 1979, ọkùnrin gìrìwò kan wà ní ìlú Englewood ní New Jersey tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù písà. Henry Jackson lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Big Bank Hank ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń ki ráàpù tẹ̀ lé kásẹ́ẹ̀tì tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyáàfin Sylvia Robinson, tó ń wá àwọn tó máa fi orin tuntun yìí ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní kó wá. Hank kì í sì í ṣe olórin o. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni olórin: Grandmaster Caz, ọmọ agbègbè Bronx ní New York, tí Hank ń ṣe máníjà fún. Hank gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Caz, ó ní kó yá òun ní ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ. Bí Caz fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ìwé tó ń kọ orin sí ló gbé jù sílẹ̀ fún un pé kó mú èyí tó bá wù ú.

"Rapper's Delight" ni wọ́n pe orin tó jáde lẹ́yìn ìyẹn. Òun ni ráàpù àkọ́kọ́ tó ja àdúgbò sílẹ̀, tó dé etí gbogbo ayé. Ẹ fetí sí ibi tó ti kan Hank. Ó ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé: C, A, S, A, N, O, V, A. Casanova. Casanova Fly ni Caz ń jẹ́ nígbà náà. Hank yá aṣọ wọ̀ lọ sóde, orúkọ olówó aṣọ sì wà gàdàgbà lára ọrùn rẹ̀, kò tiẹ̀ rántí tú u. Orúkọ Caz kò sí lára àwo náà, owó rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìtàn yìí ló wá sí mi lọ́kàn lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Drake àti Kendrick Lamar, olórin ráàpù méjì, ń fi orin bú ara wọn, tí àwọn ọmọ wa kò jẹ́ ká sùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan, tó jẹ́ pé Barrister àti Kollington ló ń gbọ́ láti kékeré, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àbúrò, kí ni àwọn ọmọ yìí ń jà sí gan-an? Ṣé owó ni àbí obìnrin?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó ni wọ́n ń jà sí." Wọ́n ní, "Ojúlówó kí ni?"

Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi nìyẹn. Tí ọmọ hip hop, àṣà tí ráàpù ti jáde, bá ní "lágbájá kì í ṣe ojúlówó", ó lè jẹ́ pé kì í ṣe lágbájá ló kọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ó lè jẹ́ pé kò gbé irú ayé tó ń kọrin nípa rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ tó ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun. Ẹ̀sùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, ibẹ̀ ló sì ti ń rú aráàlú lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ń ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe páátì nílé tí wọ́n ń gbé, ojúlé 1520 ní òpópónà Sedgwick ní Bronx, kó lè rí owó ra aṣọ iléèwé. Sẹ́ǹtì 25 ni obìnrin ń san lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin ń san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, DJ Kool Herc, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ló ń gbá orin. Herc kíyè sí i pé ibi tí ìlù bá dá dún nínú orin ni àwọn oníjó máa ń yí gbirigbiri, ló bá ra irú rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà méjì, tí ibi ìlù bá parí lórí èkíní, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì. Bí hip hop ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wò ó: ìlù yẹn, ti James Brown àti àwọn ẹlòmíràn ni. Dùùrù, jìtá, fèrè, gbogbo rẹ̀ yíyá. Nínú gbogbo ohun tó ń dún níbi òde yẹn, kìkì ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó di máíkì mú ni èèyàn lè nàka sí pé "tèmi nìyí".

Èrò tèmi ni pé ìdí abájọ nìyẹn. Ẹni tó yá ilé, tó yá bẹ́ẹ̀dì, tó yá aṣọ, tí ẹ bá tún ní ó yá ẹnu, kí ló kù? Nínú hip hop, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà nítorí pé o gé ìlù látinú orin ẹlòmíràn, àfi lọ́yà. Ṣùgbọ́n tí o bá bu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹ, ọ̀rọ̀ "bù jẹ" yẹn gan-an ni àwọn ọmọ Bronx ń lò fún un, ìtìjú rẹ̀ kò kéré.

Ìjà orin fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Orin orogún wà nílẹ̀ Yorùbá: ìyálé á máa lọ ata, á máa kọrin, kò ní dárúkọ ẹnì kankan, gbogbo agboolé á sì mọ ẹni tó ń bá wí. Àwọn oníjàálá náà máa ń dá ara wọn lẹ́kun lójú agbo pé ohun tí o kì yẹn, o ṣì í kì. "Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀." Ìgbà tí mo ka ìtàn ìjà Bronx àti Queens, agbègbè méjì ní New York, ni mo rí i pé gbólóhùn yìí gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ìjà ọ̀hún lọ báyìí. Lọ́dún 1986, MC Shan àti Marley Marl, ọmọ Queensbridge, ṣe orin kan láti fi yin àdúgbò wọn. Ọgbà ilé ìjọba ni Queensbridge, tí wọ́n kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù, kò sì sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Shan ní kí àwọn èèyàn wá gbọ́ bí nǹkan tàwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní Bronx, KRS-One, gbọ́ ọ sí pé Shan ní Queens ni hip hop ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi orin dá a lóhùn, ó tún fi òmíràn dá a lóhùn lọ́dún 1987, èyí tó fi kéde pé ti Queensbridge ti tán. Ní tòótọ́, Shan kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí orin náà dáadáa á gbọ́ pé ìtàn àdúgbò tirẹ̀ ló ń sọ. Ó sì ń tẹnu mọ́ ọn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́?

Ohun tó tún wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé gbajúmọ̀ oníṣẹ́ rédíò kan, tó wà lẹ́yìn àwọn Shan, ti fojú di rẹ́kọ́ọ̀dù tí KRS-One gbé lọ fún un. Èèyàn tó wà nílé àwọn aláìnílé ni KRS-One nígbà kan. Ibẹ̀ ló ti pàdé Scott La Rock, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tí àwọn méjèèjì jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò nílé wá rí ilẹ̀ kan tó lè jà fún. Bronx yẹn kì í sì í ṣe ibi tó ti ṣe kékeré tán o, Brooklyn, agbègbè mìíràn ní New York, wà nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ kò bèèrè. Orin rẹ̀ le ju ti Shan lọ, ó sì ń gbè é lẹ́sẹ̀ pé lóòótọ́ Bronx ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Shan ní àre, KRS-One ní orin, orin ló sì borí.

Ẹ̀sùn ti ayé tí olórin gbé ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ká wo Tupac, olórin ráàpù tí orúkọ rẹ̀ dúró fún jàgídíjàgan lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Iléèwé iṣẹ́ ọnà ní Baltimore ló lọ, níbi tó ti kọ́ eré orí ìtàgé, ewì àti ijó bálẹ̀ẹ̀tì. Vanilla Ice, olórin ráàpù mìíràn, ní tirẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé òun lọ́dún 1990 bí ẹni pé ojú títì Miami ló ti dàgbà. Nígbà tí àwọn oníròyìn tú u wò, ọmọ agbègbè Dallas ni. Ẹ̀sín náà kò kúrò lára rẹ̀ títí dòní.

Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni ti Jay-Z àti Nas. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọgbà ilé ìjọba, Jay-Z láti Marcy ní Brooklyn, Nas láti Queensbridge tí a ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ tí ilé gogoro méjì wó ní New York, ni àwo orin Jay-Z jáde, orin "Takeover" sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn tó fi kan Nas ni pé kò gbé ayé ìta rí. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló jókòó sí, tó ń wo àwọn tó ń gbé e, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ fi irú ìbọn tí Nas ń kọ lórin hàn án.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Nas gbé "Ether" jáde. Kò jà pé òun gbé ayé ìta. Ó yí ẹjọ́ padà. Ó bi Jay-Z pé mélòó nínú ọ̀rọ̀ Biggie ni yóò gba ẹnu rẹ̀ jáde. Biggie, gbajúmọ̀ olórin ráàpù, ti kú láti ọdún 1997, àwọn tó ń gbọ́ Jay-Z sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ olóògbé náà lò. Ṣé ẹ rí i? Jay-Z ní "ayé rẹ kì í ṣe tìrẹ", Nas ní "ẹnu rẹ kì í ṣe tìrẹ". Ẹjọ́ méjì ni wọ́n ń rò nínú yàrá kan náà, wọn kò sì fèsì síra wọn rárá. Títí di òní, tí àwọn ọmọ hip hop bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan fi orin run ẹlòmíràn, orúkọ orin Nas yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe.

Èmi kò gba ẹ̀sùn Jay-Z wọlé. Ẹni tó ń ki erin nínú ìjálá, kò dìgbà tó bá pa erin. Ẹni tó jókòó lójú fèrèsé máa ń rí ohun tí ẹni tó wà nínú rògbòdìyàn kò rí. Ohun tó mú kí àwo orin Nas ti ọdún 1994 dùn nìyẹn: ojú tó ń wòran. Jay-Z fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù, nítorí ó ti gé ohùn Nas sínú orin tirẹ̀ lọ́dún 1996. Ìjà náà sì wá rí bí ìjà agboolé níkẹyìn. Jay-Z gbé orin kejì jáde, ó fi ọ̀rọ̀ rírùn kan ìyá ọmọ Nas, ni ìyá tó bí Jay-Z bá pè é pé ó ti kọjá àyè rẹ̀, kó lọ tọrọ àforíjì. Ó sì lọ sórí rédíò, ó tọrọ rẹ̀. Lọ́dún 2005 ni àwọn méjèèjì jọ bọ́ sórí ìtàgé kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n parọ́ fún yín pé ikú ni ìparí irú ìjà yìí. Tupac kú lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, Biggie kú lóṣù Kẹta ọdún 1997, ìbọn ló pa àwọn méjèèjì, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná. Ṣùgbọ́n tí a bá ka àwọn ìjà orin láti ọdún 1981, nígbà tí Kool Moe Dee fi ẹnu gbá Busy Bee mọ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn Harlem World, kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn parí sí.

Ẹ̀sùn ẹnu yíyá wá ni èyí tó ní òfin tí àwọn àjèjì kì í tètè mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀daràn ni gbogbo ẹni tí ẹlòmíràn bá kọ orin fún, a jẹ́ pé hip hop ti wọ gàù. Ice Cube ló kọ orin tó sọ Eazy-E di gbajúmọ̀ lọ́dún 1987. Jay-Z ló kọ "Still D.R.E." fún Dr. Dre lọ́dún 1999. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Eazy-E kò sọ pé òun ni ọ̀gá nínú kíkọ. Iṣẹ́ Dre ni ìlù, ó sì ń fi ìlù yangàn. Ohun tí èèyàn bá fi yangàn ni wọ́n ń bi í léèrè. Ẹni tó ní òun ni olórí àwọn tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnu òun ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ Drake fi le lóṣù Keje ọdún 2015 nìyẹn. Meek Mill kọ ọ́ sórí Twitter pé Drake kì í kọ ráàpù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí oníṣẹ́ rédíò kan fi gbé ohùn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quentin Miller sáfẹ́fẹ́, tó ń kọ orin Drake kí Drake tó kọ ọ́. Ẹni bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Drake gbé orin èébú méjì jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, èkejì dùn débi pé wọ́n ń jó o ní kíláàbù, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Meek Mill tó sọ òótọ́ ló di ẹni ẹ̀sín. Oṣù yẹn kan náà ni Drake dara pọ̀ mọ́ Skepta lórí "Ojuelegba" Wizkid, gbogbo Èkó sì ń jó. Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ gègé?

Ibì kan wà tí òfin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Rick Ross ń kọrin bí ọba àwọn tó ń ta kokéènì, ó sì mú orúkọ náà lọ́dọ̀ ògbólógbòó oníṣòwò kokéènì kan. Lọ́dún 2008, àwọn oníròyìn gbé ìwé jáde pé wọ́dà ni ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Florida tẹ́lẹ̀. Wọ́dà! Ó sẹ́, ó jẹ́wọ́, 50 Cent fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àwo orin tó gbé jáde lọ́dún 2009 sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Olórúkọ gan-an gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó pàdánù. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Kalifọ́níà ní iṣẹ́ ọnà ni olórin náà fi orúkọ yẹn ṣe. Ohùn Rick Ross rinlẹ̀ bí ìlù bẹ̀mbẹ́, mo rò pé ohùn yẹn ni àwọn èèyàn ń sanwó fún, kì í ṣe ìtàn. Àlàyé tí mo ní nìyẹn, kò sì tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn tán.

Ó wá di ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kíákíá. Ní oṣù Kẹta, Kendrick, ọmọ Compton, fi ẹsẹ kan nínú orin Future àti Metro Boomin sọ pé kò sí àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ọ̀gá, ìyẹn òun, Drake àti J. Cole, òun nìkan ni. J. Cole fèsì, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tọrọ àforíjì lójú agbo níbi àjọ̀dún orin tirẹ̀ ní North Carolina. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ ti ń pè é ní ọlọ́gbọ́n.

Ní oṣù Kẹrin, Drake ṣe ohun kan tó rán mi létí Hank. Ó gbé orin kan jáde tó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ohùn Tupac àti ti Snoop Dogg, tí àwọn méjèèjì ń bá Kendrick wí. Snoop wà láàyè, ó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tupac ti kú ní ọdún 28 ṣáájú. Àwọn tó ń bójú tó ogún Tupac kọ̀wé sí i pé kó yọ ọ́ tàbí kó pàdé àwọn ní kóòtù, ó sì yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fẹ̀sùn ẹnu yíyá kàn lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló lọ yá ẹnu òkú.

Kendrick kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ìyẹn. Nínú "Not Like Us", tó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀sùn ìwà burúkú tí Drake sẹ́, ilẹ̀ ló lọ bá a jà sí. Ó ka àwọn olórin Atlanta lọ́kọ̀ọ̀kan, Future, Lil Baby, 21 Savage, Young Thug, Quavo, 2 Chainz, ó ní ìgbàkígbà tí nǹkan bá ti gbẹ lọ́wọ́ Drake ló ń sá lọ bá wọn láti gba ohùn, láti gba ìṣe. Ó ní kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ wọn, amúnisìn ni. Ọmọ Toronto ni Drake, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Júù, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n kó tó di olórin. Baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Memphis, onílù sì ni. Tó bá ṣe lọ́dọ̀ wa ni, ẹjọ́ ti tán, ilé baba ni à ń ka ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn náà mú un. Àwọn tó fojú fo gègé lọ́dún 2015 kò fojú fo ilẹ̀. Orin náà gba Grammy márùn-ún lóṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn náà ni Kendrick kọ ọ́ ní Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní New Orleans, lójú ìran gbogbo ayé.

Drake gba ilé ẹjọ́ lọ. Kò pe Kendrick lẹ́jọ́, Universal tó jẹ́ ilé iṣẹ́ orin àwọn méjèèjì ló pè, ó ní wọ́n ta orin tó ba òun lórúkọ jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, adájọ́ kan ní New York dá ẹjọ́ náà nù. Ó ní ẹni tó ní làákàyè tó ń gbọ́ ìjà ráàpù kò ní rò pé ìròyìn òótọ́ ni wọ́n ń ka fún òun, èébú àti àsọdùn ni ibẹ̀ gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè nígbà tó gbọ́. Wọ́n ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, orin ni." Mo sọ fún wọn pé Young Thug, ọ̀kan nínú àwọn tí Kendrick dárúkọ, wà látìmọ́lé ní Atlanta nígbà tí orin yẹn jáde. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n ti mú un, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn ló ń darí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, adájọ́ tó wà nídìí ẹjọ́ rẹ̀ nígbà náà fún agbẹjọ́rò ìjọba láyè láti mú àwọn ẹsẹ kan nínú orin rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Òun náà ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ṣá?"